House of Guinness: ẹ wá sọ ohun tí ẹ rí nínú apá mẹ́ta àkọ́kọ́

Àbẹ̀kẹ́ Ẹ̀kọ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mo ti wo apá mẹ́ta nínú House of Guinness, eré àtìgbàdégbà tí Steven Knight kọ, tí Netflix gbé jáde ní ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025. Apá mẹ́jọ ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá ti wò ó tán, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì sọ ohun tó kọjá apá kẹta.

Fún ẹni tí kò tíì bẹ̀rẹ̀: ìlú Dublin ní ilẹ̀ Ireland la wà, ọdún 1868. Sir Benjamin Lee Guinness, olówó ọtí dúdú, ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Ọmọ mẹ́rin ló fi sáyé lọ. Arthur ti lọ jókòó sí London, ó sì ti ń sọ̀rọ̀ bí àwọn ará ibẹ̀. Edward, àbíkẹ́yìn, ló mọ tinú-tòde ilé ìpọntí náà. Benjamin kékeré, ọtí àti tẹ́tẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e mì. Anne, ọmọbìnrin kan ṣoṣo láàárín wọn, ti wọlé ọkọ, òjíṣẹ́ Ọlọ́run sì ni ọkọ rẹ̀.

Ibi ìsìnkú ni wọ́n ti ṣí eré. Òkú olówó ń la ìgboro kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìpọntí dúró tì í bí ọmọ ogun, nítorí àwọn Fenian, ìyẹn ẹgbẹ́ tó fẹ́ gba Ireland kúrò lọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, kò fẹ́ kí pósí yẹn kọjá ní ìrọ̀rùn. Rafferty, olórí àwọn òṣìṣẹ́, ẹni tí James Norton ṣe, ló kó wọn jáde. Bí a bá ń sunkún, a sì máa ń ríran. Nínú ilé yìí, ìríran pọ̀ ju ẹkún lọ. Kí wọ́n tó sin bàbá tán, ogún ti wà lójú kálukú.

Ìwé ìhágún yẹn gan-an ló mú mi. Bàbá fi ilé ìpọntí lé Arthur àti Edward lọ́wọ́ pa pọ̀, ẹni tó bá sì ní òun kò ṣe mọ́, ó pàdánù ìpín rẹ̀ nìyẹn. Benjamin, owó tí yóò máa fi jẹun ni. Anne, kò kan án. Mo dá ibẹ̀ dúró, mo tún un wò. Ọkùnrin yìí kú, kò lọ. Ó mọ̀ pé Arthur kò nífẹ̀ẹ́ iṣẹ́ náà, ó mọ̀ pé Edward kò nífẹ̀ẹ́ nǹkan míì, ó wá fi okùn kan ṣoṣo so wọ́n pọ̀ lọ́rùn. Fún èmi, gbogbo ìjà, iná àti ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tó kù nínú eré yìí, ìwé yẹn ló bí wọn.

Anthony Boyle tó ṣe Arthur ni mo fún ní adé. Kí lẹ̀yin rí?

Kọ́lá Liverpool

Ẹ̀gbọ́n Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú iṣẹ́. Dublin tí ẹ rí yẹn kì í ṣe Dublin o. Àdúgbò wa níbí ni. Stanley Dock ní Liverpool wà lára ibi tí wọ́n ti ya ilé ìpọntí náà, àwọn ilé ìkẹ́rù oníbíríkì pupa tó wà létí omi níbẹ̀ ni wọ́n lò. Inú mi dùn nígbà tí mo rí ògiri tí mò ń kọjá lójoojúmọ́.

Penrhyn Castle ní àríwá Wales náà wà lára àwọn ilé ńláńlá tí wọ́n ti yà á. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí nítorí pé àwa la wà níbí: ìdílé Pennant tó ni ilé yẹn láyé àtijọ́, oko ìrèké ní Jamaica, tí àwọn ẹrú ọmọ Áfíríkà ń ro, ló wà nídìí ọrọ̀ wọn. Wọ́n fi ilé ìdílé alágbára kan ṣe ilé ìdílé alágbára míì. Nígbà tí kámẹ́rà ń rìn lórí àtẹ̀gùn òkúta yẹn, ọkàn mi kò kúrò níbẹ̀.

Orin wá ńkọ́? Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ráhùn. Ìjà ọdún 1868, orin Fontaines D.C. ni wọ́n fi sí i, Kneecap náà wà nínú eré yìí. Èmi fara mọ́ ọn. Ọmọ Ireland ni àwọn olórin yẹn, ìbínú inú orin wọn sì bá ti àwọn tó wà ní ìgboro yẹn mu.

Bàbá Ọ̀gbà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ó kú ọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin mi ló gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n fún mi, a sì jọ wo méjì. Nídìí ọtí pípọn ní Ìkẹjà ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìntì, torí náà ojú òṣìṣẹ́ ni mo fi ń wò ó.

Ohun tó dùn mí ni pé wọ́n fi àgbá hàn wá, wọ́n fi ẹṣin àti ẹrù hàn wá, wọn kò jẹ́ ká rí iṣẹ́ ọtí fúnra rẹ̀ tó. Iṣẹ́ yẹn ló sọ wọ́n di olówó! Ẹ ó rẹ ọkà báálì sínú omi, yóò hù, ẹ ó sá a lórí ooru kí ó má baà hù jù, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní màátì. Ẹ ó wá mú ọkà báálì díẹ̀, ẹ ó yan án títí yóò fi dúdú bí èédú. Ibẹ̀ ni àwọ̀ dúdú yẹn ti ń wá, ibẹ̀ náà ni kíkorò rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, kí òdòdó hops tó fi tirẹ̀ kún un. Òórùn yíyan yẹn, ẹni tó bá ti gbọ́ ọ rí kò lè gbàgbé. Ó máa ń wọ inú irun, ó máa ń wọ inú aṣọ. Ìyàwó mi máa ń mọ̀ pé mo ti dé kí n tó kan ilẹ̀kùn. Ìdílé tó ń mí sínú òórùn yẹn láti 1759, mo fẹ́ kí eré náà jẹ́ kí a gbọ́ ọ.

Fún ẹ̀yin ọmọdé: láti 1827 ni ọtí yẹn ti dé Sierra Leone. Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ kọ́ ilé ìpọntí tí yóò wà lẹ́yìn òde Ireland àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ìkẹjà ni wọ́n kọ́kọ́ wá, ní 1962. Lẹ́yìn tí ìjọba fòfin de ọkà báálì láti òkèèrè ní 1988, ọkà bàbà àti àgbàdo la fi ń pọn ọtí, a sì ń da omi dúdú tó ki láti Dublin mọ́ ọn. Òdẹ́kù tí ẹ ń rí nílé ọtí, ọkà oko wa ló wà nínú rẹ̀.

Ìyá Sùnmọ́là

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Bàbá wa, ẹ kú iṣẹ́ àtẹ̀yìnwá.

Èmi kì í mutí, mi ò sì fẹ́ kí ọmọ mi mu ún, síbẹ̀ mo wò ó. Àwọn ará ilé ìjọsìn wa ní kí n má wò ó nítorí pé ìpolówó ọtí ni. Mi ò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹ wo Benjamin. Ọtí tí ìdílé rẹ̀ fi di olówó ló ń pa òun fúnra rẹ̀, gbogbo ilé ló mọ̀, kò sì sẹ́ni tó lè bá a wí nítorí kí ni wọ́n fẹ́ sọ? Ọmọ alápatà tí ẹran pa ni. Àánú rẹ̀ ṣe mí ju ti Arthur lọ.

Ìbéèrè mi: oníwàásù tó ń gbógun ti ọtí, tó sì tún jẹ́ ọmọ ẹbí wọn, ṣé wọ́n hùmọ̀ rẹ̀ ni, àbí ó gbé ayé rí?

Ọmọ Ìtàn Ìjẹ̀bú

Ìyá wa, ó gbé ayé rí. Henry Grattan Guinness ni orúkọ rẹ̀, ọmọ-ọmọ Arthur àkọ́kọ́ tó dá ilé ìpọntí náà sílẹ̀. Wọ́n bí i ní 1835, ó kú ní 1910, oníwàásù tí èrò máa ń wọ́ tẹ̀lé sì ni. Ní 1873 ó dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní ìlà-oòrùn London láti máa kọ́ àwọn míṣọ́nnárì. Ẹ gbọ́ èyí: Samuel Bill, ọmọ Belfast, ilé ẹ̀kọ́ yẹn ló ti kẹ́kọ̀ọ́ kí ó tó wá dá ìjọ Qua Iboe sílẹ̀ ní 1887, ní ilẹ̀ àwọn Ìbíbíò, ní gúúsù ìlà-oòrùn Nàìjíríà wa yìí. Ẹ̀ka kan nínú ìdílé yìí fi ọtí ránṣẹ́ sí wa, ẹ̀ka kejì fi Bíbélì ránṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un nípa ohun tó jẹ́ òótọ́ àti ohun tó jẹ́ àròkọ, nítorí eré náà fúnra rẹ̀ sọ níbẹ̀rẹ̀ pé àròkọ tí ìtàn tòótọ́ mí sí ni. Ìwé ìhágún yẹn wà. Sir Benjamin kú ní oṣù karùn-ún 1868, ohun tó fi sílẹ̀ sì tó £1,100,000, èyí tó tóbi jù lọ tí wọ́n tíì kọ sílẹ̀ ní Ireland títí di ìgbà yẹn. Arthur àti Edward ló sì gba ilé ìpọntí náà lóòótọ́. Sir Benjamin ló ná nǹkan bí £150,000 láti tún ṣọ́ọ̀ṣì ńlá St Patrick ní Dublin ṣe láàárín 1860 sí 1865. Torí náà, bí àwọn kan ṣe kórìíra rẹ̀, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ náà pọ̀.

Rafferty kò sí nínú ìtàn. Ellen Cochrane, ọmọ ẹgbẹ́ Fenian nínú eré náà, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò sí. Byron Hedges, tó ń bá wọn ta ọtí ní America nínú eré náà, kò sí. Ti ìfẹ́ ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n ní Arthur ń ní sí ọkùnrin bíi tirẹ̀, kò sí àkọsílẹ̀ tó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, òǹkọ̀wé ló gbà á rò.

Ohun tó dùn mí jù ni ti Anne. Nínú ìtàn gidi, Anne ni àkọ́bí! 1839 ni wọ́n bí i, Arthur tẹ̀lé e ní 1840, Benjamin 1842, Edward 1847. Ìyáàfin tí kò rí nǹkan kan gbà nínú ilé ìpọntí yẹn, òun ni ẹ̀gbọ́n gbogbo wọn.

Àbẹ̀kẹ́ Ẹ̀kọ́

Ọmọ Ìtàn, ẹ ṣeun gan-an. Ọ̀rọ̀ pé Anne ni àkọ́bí yìí tún dá mi lóró ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí ni bàbá ń rò? Kì í ṣe pé kò nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó kàn kà á mọ́ ohun tí a ti fi sílé ọkọ ni, bí àpótí.

Lọ́yà Sápọ́n

Ẹ̀gbọ́n Àbẹ̀kẹ́, ẹ jẹ́ kí n bá yín jiyàn níbẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Kí ẹ tó dá bàbá lẹ́bi, ẹ wo òfin ìgbà yẹn. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland ní 1868, bí obìnrin bá ti wọlé ọkọ, owó àti ẹrù rẹ̀ di ti ọkọ. Ó di 1870 kí wọ́n tó kọ́kọ́ ṣòfin tó yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ fún un, ó di 1882 kí abilékọ tó lè ní ohun ìní tirẹ̀ bó ṣe yẹ. Ní báyìí, tí Sir Benjamin bá fún Anne ní ìdá kan nínú mẹ́rin ilé ìpọntí, ta ló fún? Ìdílé Plunket, ìyẹn ìdílé ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ kó nǹkan jọ kò ní fẹ́ kí àna rẹ̀ wá jókòó sídìí tábìlì ní St James's Gate, ibi tí ilé ìpọntí náà wà.

Mo ń sọ èyí nítorí pé àwa náà máa ń rò pé òyìnbó ti ṣáájú wa nínú gbogbo nǹkan. Nínú àṣà Yorùbá, bí bàbá bá kú láìṣe ìwé ìhágún, tọkùnrin tobìnrin ọmọ rẹ̀ ló ń jogún. Ìdí-igi ni kí a pín in gẹ́gẹ́ bí iye ìyàwó tó bímọ fún un. Orí-ò-jorí ni kí a pín in gẹ́gẹ́ bí iye ọmọ. Ẹjọ́ Dáwódù àti Dánmólè, tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti ìjọba àpapọ̀ dá ní 1958, tó dé Privy Council, ilé ẹjọ́ ìkẹyìn fún ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn nígbà yẹn, ní London ní 1962, ohun tó fìdí múlẹ̀ ni pé ìdí-igi ni àṣà, ṣùgbọ́n bí ìjà bá wọ̀ ọ́, olórí ẹbí lè ní kí wọ́n lo orí-ò-jorí. Nínú méjèèjì, kò síbi tí wọ́n ti ní kí ọmọbìnrin dìde kúrò níbẹ̀. Ìyàwó ni àṣà wa yọ sílẹ̀, torí ìyàwó kì í jogún ọkọ, ìyẹn sì ni ìwà ìrẹ́jẹ tiwa tó yẹ ká gbọ́ dáadáa.

Àbẹ̀kẹ́ Ẹ̀kọ́

Lọ́yà, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n mi ò gbà. Àwọn lọ́yà ìgbà yẹn ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi ohun ìní sọ́wọ́ alágbàtọ́ fún ọmọbìnrin, kí ọwọ́ ọkọ má baà tó o. Àwọn olówó gan-an ló máa ń ṣe é. Sir Benjamin ní owó tó lè san fún lọ́yà tó mọ̀ ọ́n jù ní Dublin. Tó bá fẹ́ fún Anne, ó mọ ọ̀nà tó máa gbà. Kò fẹ́ ni.

Eré náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ Anne: òun ló ń gba ẹbí níyànjú, òun ló ń wá ọ̀nà tí orúkọ wọn kò fi ní bàjẹ́, òun àti Aunt Agnes. Iṣẹ́ olórí ẹbí ló ń ṣe láìgba owó olórí ẹbí. Emily Fairn kò pariwo rárá nínú ipa yẹn, ìyẹn ni mo fi gbà pé òṣèré ni.

Lọ́yà Sápọ́n

Ti alágbàtọ́ yẹn, ẹ gbá mi mú níbẹ̀. Ẹ ṣì jẹ́ kí n sọ pé bàbá tí kò fẹ́ kí wọ́n pín ilé iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́ kò ṣe nǹkan tó burú. Ilẹ̀ ẹbí mélòó la ti rí tó di pápá ìjà ní ìlú tiwa nítorí pé gbogbo ẹ̀ka ló ní in? Bí wọ́n ṣe ń pín ilé bàbá ní yàrá-yàrá ni òrùlé rẹ̀ ń jò, kò sẹ́ni tó máa tún un ṣe. St James's Gate kò ṣe bẹ́ẹ̀ bàjẹ́.

Aránṣọ Mushin

Ẹ̀yin alágbára òfin, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ aṣọ!

Dúdú ni gbogbo wọn wọ̀ nínú apá kìíní, ẹni tí kò mọ aṣọ lè rò pé ohun kan náà ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà yẹn, aṣọ ọ̀fọ̀ tó tọ́ ni èyí tí kò gbọdọ̀ dán. Siliki tí wọ́n ká jọ wúruwùru títí tí ojú rẹ̀ fi kú, crape ni wọ́n ń pè é, òun ni wọ́n máa ń fi bo aṣọ obìnrin tó ń ṣọ̀fọ̀. Ṣíṣe é nira, torí bí omi bá kán sí i, ó máa ń sunkì, àwọ̀ rẹ̀ á sì ṣí sára ẹni tó wọ̀ ọ́. Ọbabìnrin Victoria ti wà nínú dúdú láti 1861 tí ọkọ rẹ̀ kú, ìyẹn ló sì jẹ́ kí gbogbo ìlú máa ṣọ̀fọ̀ bí ẹni ń díje. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú, nǹkan bí ọdún kan ni.

Mo ń fi ojú inú wo bí wọ́n ṣe gé ọrùn ọwọ́ àwọn aṣọ yẹn. Ọrùn ọwọ́ tó fún, èjìká tó sọ̀ kalẹ̀, yẹ̀rì tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń yọ sẹ́yìn ju iwájú lọ. Ìgbà tí ìró ńlá bí agogo ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni 1868, wọ́n sì mọ̀ ọ́n. Irú aṣọ yìí kan náà ni àwọn Sàró obìnrin ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Èkó lásìkò yẹn, nínú oòrùn tiwa! Ẹ wo fọ́tò àtijọ́ àwọn ìdílé ńlá Èkó, ẹ ó rí Anne níbẹ̀.

Déjì Ọ̀yọ́

Ẹ kú ọ̀rọ̀ ogún, ẹ kú ọ̀rọ̀ aṣọ, ẹ̀yin àgbà. Èmi fẹ́ sọ ti àwọn tó wà lẹ́yìn ògiri.

Mo gbádùn eré náà, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n apá kìíní mú àwọn Fenian wọlé bí ẹni pé onídàrúdàpọ̀ lásán ni wọ́n, olókùúta, oníná. Láàárín 1845 sí 1852, àrùn ba ọ̀dùnkún òyìnbó jẹ́ nílẹ̀ yẹn, èèyàn tó tó mílíọ̀nù kan kú, bíi mílíọ̀nù kan míì sá kúrò nílùú, wọ́n sì ń kó oúnjẹ jáde lọ sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lásìkò yẹn náà. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ti lé lọ́gbọ̀n ọdún ní 1868. Òun ló wà ní ìgboro tí pósí ń kọjá. Oṣù kẹta 1867 ni wọ́n dìde ogun, ìjọba sì tẹ̀ ẹ́ rì. Oṣù kọkànlá ọdún yẹn ni wọ́n so mẹ́ta nínú wọn kọ́ ní Salford, lẹ́bàá Manchester. Oṣù díẹ̀ ló wà láàárín ìyẹn àti ìsìnkú tí eré fi bẹ̀rẹ̀! Tí wọ́n bá fi ìṣẹ́jú mẹ́ta sọ èyí fún wa, ojú míì la ó fi wo òkúta tí wọ́n jù.

Ẹ tún rántí ibi tí àwa wà. 1861 ni wọ́n gba Èkó lọ́wọ́ Dòsùnmú. 1867 ni àwọn Ẹ̀gbá lé òyìnbó jáde ní Abẹ́òkúta, tí a ń pè ní Ìfọ́lé. Ìjọba kan náà ló ń bá àwọn méjèèjì jà. Mi ò lè wo Ellen Cochrane kí n má mọ ẹgbẹ́ tí mo wà.

Kọ́lá Liverpool

Déjì, mo fara mọ́ ọ lórí ìyàn yẹn. Apá kẹta lọ sínú ìgbèríko díẹ̀, a rí àwọn òtòṣì, ṣùgbọ́n ojú Anne ni wọ́n fi jẹ́ ká wò wọ́n.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí o fi kún un. Ìdílé yìí kì í ṣe onílẹ̀ lásán tó ń gba owó ilé lọ́wọ́ tálákà. Bí ọ̀rúndún yẹn ṣe ń parí lọ, iṣẹ́ Guinness ni ọmọ Dublin ń gbàdúrà fún: owó oṣù tó ju ti ibòmíràn lọ, dókítà, owó ìfẹ̀yìntì. Kátólíìkì ló pọ̀ jù nínú òṣìṣẹ́ wọn. Èyí tó burú ni pé ó pẹ́ gan-an, ọ̀rúndún ogún ti jìn, kí Kátólíìkì tó lè dé ipò ọ̀gá níbẹ̀. Ọwọ́ tó ń fúnni lóúnjẹ ló ń ti ilẹ̀kùn yàrá òkè mọ́ni. Ibẹ̀ ni mo rò pé eré gidi wà, mo sì ń retí kí wọ́n dé ibẹ̀.

Déjì Ọ̀yọ́

Ẹ̀gbọ́n Kọ́lá, ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ gbẹ̀yìn yẹn, èmi náà ń retí rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó oṣù tó dára kò túmọ̀ sí pé kí a má sọ ẹni tó ni ìlú.

Bàbá Ọ̀gbà

Déjì ọmọ mi, òótọ́ lo sọ. Kí n bá ọ sọ ti òṣìṣẹ́ o. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn fadá àti sístà tó kọ́ ìran wa níwèé nílé ẹ̀kọ́ Kátólíìkì, ọmọ Ireland ni wọ́n. Fadá kan wà tó máa ń sọ fún wa nípa ìyàn yẹn bí ẹni pé àná ló ṣẹlẹ̀. Ojú rẹ̀ máa ń pọ́n. Òun kan náà kì í kọ gíláàsì ọtí dúdú lọ́jọ́ àjọ̀dún Pátíríìkì Mímọ́. Mi ò rí ohun tó ta kora níbẹ̀ nígbà yẹn, mi ò sì rí i di òní.

Ọmọ Ìtàn Ìjẹ̀bú

Ẹnìkan béèrè lọ́wọ́ mi ní ìkọ̀kọ̀ bóyá okùn tí bàbá so yẹn mú wọn títí. Ìtàn ni mo fẹ́ sọ, ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́, kó fo èyí.

Arthur wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní 1868, ní ipò bàbá rẹ̀, ilé ẹjọ́ yọ ọ́ ní 1869 nítorí pé aṣojú rẹ̀ fi owó ra ìbò. Ó padà wọlé ní 1874. Ní 1876, ó ta ìpín tirẹ̀ nínú ilé ìpọntí fún Edward ní nǹkan bí £600,000. Òun ló sọ ọgbà St Stephen's Green di ti gbogbo ará ìlú ní 1880, tí tálákà lè wọlé láìsanwó. Edward ní tirẹ̀ gbé ilé iṣẹ́ náà lọ sí ọjà ìpín ìdókòwò London ní 1886, £6,000,000 ni wọ́n fi lé e lórí. Ní 1890, ó fi £250,000 kọ́ ilé fún àwọn òtòṣì ní London àti Dublin. Ọkọ Anne di bíṣọ́ọ̀bù àgbà Dublin ní 1884, ọmọ wọn ọkùnrin sì di gómìnà New Zealand.

Ẹ wá wò ó, àbúrò tó kéré jù ló ra ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde. Ọdún mẹ́jọ péré ni okùn yẹn fi lágbára.

Ìyá Sùnmọ́là

Mo kà á o, mi ò lè fò ó! Benjamin ńkọ́? Ẹ ò dárúkọ rẹ̀.

Ọmọ Ìtàn Ìjẹ̀bú

Ó kú ní 1900, ìyá wa. Ó dàgbà ju bí eré ṣe fẹ́ kí a máa bẹ̀rù lọ.

Ìyá Sùnmọ́là

Ọlọ́run ṣeun.

Aránṣọ Mushin

Ṣé ìdílé náà ló ṣì ni ọtí yẹn lónìí? Èyí tí wọ́n ń tà ní Ọ̀jọ́ta níbí, ta ló ń gba owó rẹ̀?

Bàbá Ọ̀gbà

Ó ti kúrò lọ́wọ́ wọn tipẹ́. Ní 1997, Guinness àti Grand Metropolitan para pọ̀ di Diageo. Ti Nàìjíríà, ọdún 2024 ni Diageo ta ìpín tó pọ̀ jù tí wọ́n ní níbẹ̀ fún Tolaram, àwọn tó ń ta Indomie. Orúkọ ṣì wà lára ìgò, ẹni tó ni ín ti yàtọ̀. Ọmọ ìdílé náà kan, Ivana Lowell, ló sì gbé èrò eré yìí kalẹ̀, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sára àwọn tó ṣe é.

Lọ́yà Sápọ́n

Ìyẹn jẹ́ kí n béèrè nǹkan. Nígbà wo la ó rí irú eré yìí lórí agbo ilé tiwa? Ní 1867 tí Ògúnmọ́lá kú ní Ìbàdàn, àwọn èèyàn àti ọmọ ogun tó fi sílẹ̀ kò kéré sí ilé ìpọntí. Ẹfúnṣetán ti ń di ẹni tí ìlú ń bẹ̀rù. Madam Tinúbú ṣì wà láyé ní Abẹ́òkúta. Kí ẹnìkan mú agbo ilé kan ṣoṣo, kó mú ọdún kan ṣoṣo, kó má ṣe fẹ́ sọ gbogbo ìtàn Yorùbá lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyẹn ni mo rí kọ́ lára Knight.

Àbẹ̀kẹ́ Ẹ̀kọ́

Lọ́yà, ìyẹn gba ojú ewé tirẹ̀, ẹ lọ ṣí i, gbogbo wa ń bọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Ẹfúnṣetán, mo ní ọ̀rọ̀ tó pọ̀ sọ níbẹ̀.

Ní ti eléyìí, mo dúró lórí ọ̀rọ̀ mi nípa Anne. Déjì, o ti jẹ́ kí n tún padà lọ wo ìsìnkú yẹn, mo sì rí ojú àwọn èèyàn etí títì lọ́tọ̀ báyìí. Apá kẹrin ni mo fẹ́ wò lálẹ́ ọ̀la. Ẹni tó bá ti dé ibẹ̀ lè máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ láti àárọ̀ ọ̀túnla, kí ẹ kọ́kọ́ kọ nọ́ńbà apá náà sókè kí ẹni tí kò tíì wò ó lè mọ ibi tí yóò dúró.